Aṣọ Ìnujú Neža Opó

Ojú kan ni Neža opó fi ń ríran, láti ìgbà tí odò Dráfà ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ ló sì ti ń fi abẹ́rẹ́ jẹun. Ó ń fi òwú pupa ya òdòdó sára aṣọ ìnujú débi pé oyin máa ń bà lé e. Ẹ má jiyàn, mo rí oyin náà.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ di kurent, eégún tó ń wọ awọ àgùntàn láti lé òtútù kúrò lábúlé wa. Mo ní ìbòjú aláwọ, ahọ́n rẹ̀ pupa, ó gùn dé àyà, ogójì agogo sì wà nídìí mi. (Ìyàwó mi ní márùn-ún péré ni. Ẹ jẹ́ kó máa wí.) Bí a bá ti ń jó láti ilé dé ilé, ọmọbìnrin tí kurent bá wù á so aṣọ ìnujú mọ́ ọn ní bẹ́líìtì.

Kò sẹ́ni tó so nǹkan kan mọ́ tèmi.

Drago ọ̀rẹ́ mi wo ìdí mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ciril, ṣé màlúù ló jẹ tìẹ ni?"

Ọjọ́ kejì la máa dé ilé Štefka, ọmọ tí ọkàn mi ń fẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dúró níwájú rẹ̀ lófìfo? Mo gba ẹ̀yìn ilé Neža kọjá, mo rí aṣọ ìnujú méjìlá lórí okùn, òtútù ti sọ wọ́n di gbagidi bíi pátákó. Mo ká gbogbo wọn, mo so wọ́n mọ́ bẹ́líìtì mi.

Nígbà tí Štefka rí mi, ó pàtẹ́wọ́. "Háà! Ta ni gbogbo ọmọbìnrin ń jà lé lórí báyìí?" Mo fò débi pé mo rí orí òrùlé wọn. Òun àti èrò sì tẹ̀ lé wa lọ sílé kejì, tí í ṣe ti Neža.

Neža gbé ìkòkò amọ̀ jáde láti fọ́ ọ mọ́ wa lẹ́sẹ̀, kí ọdún lè tura. Ojú rẹ̀ kan ṣoṣo yẹn bọ́ sí bẹ́líìtì mi. Ó fọwọ́ kan àwọn òdòdó náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ń retí kó pariwo olè.

"Wọ́n pé," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, èmi nìkan ni mo gbọ́. Ó tú èyí tó wà lọ́rùn ara rẹ̀, ó so ó mọ́ mi. "Eléyìí, ọmọ mi, èmi ni mo fún ọ."

Ó fọ́ ìkòkò. Èrò hó.

"Ìyá àgbà pàápàá ti kó sí i lọ́wọ́!" Drago kígbe.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ń sunkún lábẹ́ ahọ́n pupa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo kó méjìlá padà lọ, láìwọ ìbòjú. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

"Ṣé o ti fi irin gbígbóná lọ̀ wọ́n?" ó bi mí.

"Rárá, mà."

"Lọ lọ̀ wọ́n."

Ìyá mi béèrè aṣọ ẹni tí mo ń lọ̀. Mo sọ fún un pé mo jí wọn ni. Mo sọ fún Štefka náà, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí Àjíǹde fi kọjá. Òun ló ń ka agogo mi ní márùn-ún lónìí.

Títí Neža fi kú, èmi ni mò ń la igi rẹ̀. Bí mo bá wọ awọ àgùntàn báyìí, ẹyọ aṣọ ìnujú kan ló máa ń wà ní bẹ́líìtì mi. Àwọn ọmọ a ní, "Bàbá àgbà, kò sẹ́ni tó fẹ́ yín ni?" Mo máa ń ní mo burẹ́wà nígbà náà ni.