Yàrá Ọmọ Bàbá Onílé ní Ìkẹ́rẹ́

Nígbà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, wọ́n ní kí àwa òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ ọmọ Èkìtì kó ẹrù wa kúrò ní Àkúrẹ́, ká máa bọ̀ ní Adó. Tayọ̀tayọ̀ ni a fi wọkọ̀. Àṣé àwọn onílé Adó ti yọ̀ jù wá lọ. Yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀gẹ́ sí tẹ́lẹ̀ ti di yàrá ọ̀gá, owó ọdún méjì ni wọ́n sì ń gbà kí wọ́n tó fi kọ́kọ́rọ́ hàn ọ́. Èmi kì í gba ìrẹ́jẹ. Mo sọ fún onílé kan pé kó kó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ padà síbẹ̀, mo sì wọ takisí lọ sí Ìkẹ́rẹ́.

Bàbá àgbẹ̀ kan níbẹ̀ ní yàrá tó ṣófo nínú ilé alámọ̀ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ni yàrá náà, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tí ọmọ náà ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo béèrè iye owó ilé. Bàbá wò mí títí.

Ó ní, "Ulé tí ènìyàn ò bá gbé, ikán ni í gbé e. Máa ṣí fèrèsé láràárọ̀, máa dáná lẹ́yìnkùlé, kí o máa gbá aláǹtakùn dànù. Ìyẹn tó mi."

Òótọ́ ló sọ. Ilé alámọ̀ tí kò gbúròó ènìyàn kì í pẹ́ wó. Ṣùgbọ́n ojú ò jẹ́ kí n gbé ilé onílé lọ́fẹ̀ẹ́, la bá jọ fẹnu kò sí iye díẹ̀ tí yóò máa fi ra iyọ̀ àti kẹrosíìnì. Àárọ̀ kùtù ni mo ń wọ takisí lọ sí Adó. Tí mo bá dé nírọ̀lẹ́, Bàbá á ti fi iṣu sísun pa mọ́ fún mi. Ara tù mí níbẹ̀, n kò ní purọ́.

Mo ti lò tó ọdún kan kí ọmọ náà tó wálé wá kí bàbá rẹ̀. Mo fẹ́ palẹ̀ ẹrù mi mọ́ fún un, Bàbá ò gbà. Pálọ̀ lọmọ sùn. Ní ọjọ́ kẹta, a jọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ iye tí mo ń san, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, wọ́n ń rẹ́ yín jẹ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, yàrá tí kò tó èyí ń gba ìdajì owó oṣù mi. Ilé ríra ńkọ́? Ẹni tó bá yáwó rà á lónìí, orí rẹ̀ á ti hu ewú kó tó san án tán. Ẹ gba iye tí wọ́n ń gbà ní Adó, kí ẹ fi pààrọ̀ páànù yìí."

Bí Bàbá bá gbà, kò sí ibòmíì tí apá mi ká, n kò sì lè máa ti Ògòtún, ìlú wa, lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ohun tó tún wá bí mi nínú ni pé páànù náà ti dógùn-ún lóòótọ́.

Bàbá ń họ iṣu sísun rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó ní, "Onulé rẹ níbẹ̀ yẹn, nígbà tí ara rẹ ò yá lọ́jọ́sí, kí ló sè fún ọ?"

"Bàbá, n kò rí i rí. Báńkì ni mo ń sanwó sí."

"Ṣé ó mọ̀ pé o wà láyé?"

"Tí owó bá ti wọlé, ó mọ̀."

Bàbá mi orí. "Èmi mọ ikọ́ ẹni tó ń gbé ulé mi. Yàrá rẹ ló ń gbá láti èṣí. Àpótí ìwé rẹ wà níbẹ̀, ikán ò kàn án. Tó bá jẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù ni ká ṣe, èló ni o máa san fún un lórí ìtọ́jú yìí?"

Ọmọ náà dìde, ó tọrọ gááfárà lọ́wọ́ mi, ó wọ yàrá náà lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tó ń padà, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ló tún gbé dé, mo ti ń múra ìjà.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kó lọ. N kò mọ ìgbà tí n óò tún lè wá."