Ọkọ̀ Onígáàsì Mi, Uncle Múfú àti Ojú Màámi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Tuesday. Inú ṣì ń bí mi, àmọ́ mi ò mọ ẹni tí mo máa bínú sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ọkọ̀ mi. Pẹtiróòlù ló ń lò tẹ́lẹ̀, kí ẹni tó tà á fún mi tó sọ ọ́ di onígáàsì. Àgbá gáàsì wà nínú bùútù, súìṣì kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn. Tí mo bá ṣíná, pẹtiróòlù ló máa kọ́kọ́ lò. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, á bọ́ sórí gáàsì fúnra rẹ̀. Gáàsì ò wọ́n tó epo, èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ care kiri ilé àwọn arúgbó ní Peckham àti East Dulwich, ṣé kí n máa fi gbogbo owó oṣù ra epo ni?

Lọ́jọ́ yẹn, Màámi ní appointment ní ọsibítù ní Lewisham. Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ sójú wọn. Ojú náà ti ń ṣe bàìbàì débi pé wọ́n máa ń fọwọ́ pa ojú ọmọ mi kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti retí ọjọ́ náà títí ó fi sú wọn. Òjò ń rọ̀, òtútù ń mú. Mo tan wáípà, mo tan hítà, a gbéra.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Rye Lane sílẹ̀, a yà sí Peckham High Street, ni ọkọ̀ bá ní òun fẹ́ bọ́ sórí gáàsì. Ó wúkọ́, gbogbo iná dáṣíbọọ̀dù iwájú mi tàn, ó sì kú pátápátá! Mo tẹ súìṣì kó padà sórí pẹtiróòlù, súìṣì ò dá mi lóhùn. Mo ṣíná, ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gbaná. Mo rọra jẹ́ kó yí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, nítòsí bus stop.

Màámi ní, "Ṣé a ti dé ni?"

Mo ti mú fóònù kí n pe táàsì nígbà tí ẹnìkan kan gíláàsì. Uncle Múfú ni, iṣu ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Mọ́ṣáláṣí kan náà la jọ ń kírun. Bàbá mi ti kú kí n tó lọ́kọ, Uncle Múfú ló dúró bíi bàbá mi lọ́jọ́ yìgì. Kí wọ́n sì tó wá sí London, rìwáyà ni wọ́n ní Mushin, iná mọ́tò ni wọ́n ń tún ṣe.

Wọ́n kí Màámi dáadáa. Wọn ò bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń lọ, nítorí ta ló ń bi àgbà bẹ́ẹ̀? Màámi náà ní àwọn kàn fẹ́ dé ibì kan ni. Ṣé ojú títì la ti ń ròyìn àìsàn?

Ni Uncle Múfú bá gbé iṣu kalẹ̀. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Risi, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì!"

Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé kí wọ́n fi sílẹ̀?

Wọ́n yẹ bátìrì wò, kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n yọ fíúsì, wọ́n nù ún, wọ́n dá a padà. Wọ́n ń tọ wáyà gáàsì láti iwájú dé bùútù. Òjò ti gba inú fìlà wọn wọlé. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ pé, "Ó ti kù díẹ̀." Èmi náà á ní, "Ẹ ṣeun, Uncle." Bọ́ọ̀sì Lewisham dúró, ó lọ. Òmíràn tún dúró, ó tún lọ. Mo ká ọwọ́ lé orí, mo sọ ọ́ kalẹ̀ kí wọ́n má bàa rí i. Ojora mú mi o!

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n pa hítà, kí n pa wáípà, pé wọ́n ń fa iná jù. Mo pa méjèèjì. Áà! Iná súìṣì gáàsì ṣẹ́jú! Wọ́n ní ó tán, wáyà earth ni, èyí tó so mọ́ irin ara ọkọ̀. Wọ́n rí i lábẹ́ bátìrì, ìpẹtà ti jẹ ẹ́, kò dì mọ́ irin mọ́. Wọ́n fi ọ̀bẹ ha á, wọ́n dè é le. Mo ṣíná, ọkọ̀ dáhùn!

Nígbà yẹn ni Uncle wá ní, "Ibo lẹ tiẹ̀ ń lọ?"

Mo sọ fún wọn. Mo pe ọsibítù, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù, àwọn máa fún wa ní ọjọ́ mìíràn. Wọn ò sọ ìgbà tó máa jẹ́.

Uncle Múfú ní, "Risi, ọwọ́ mi ti kú tipẹ́! Ó wù mí kí n ní kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì, àmọ́ mo ní ẹ ó máa rò pé mi ò fẹ́ ràn yín lọ́wọ́. Mò ń retí kí ìwọ sọ pé ó tó."

Mo yíjú sí Màámi. Wọ́n ní, "Èmi náà gbọ́. Gbogbo bọ́ọ̀sì tí ẹ̀rọ wọn ń pe Lewisham yẹn, mo gbọ́ wọn. Mi ò fẹ́ dójú ti ẹni tó ń ṣe wá lóore."

Mo sunkún nídìí sítíárìn, ọkọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ geere.

A délé, ọmọ mi sáré wá. Màámi na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ pa ojú rẹ̀ lọ, pa á bọ̀.

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ti Màámi ló máa bá mi dákẹ́. Ẹ bọ̀wọ̀ fágbà, ẹ kúnlẹ̀ pàápàá, àmọ́ ẹ lanu lórí ìkúnlẹ̀ yẹn! Ta ni irú èyí ti ṣe rí nínú yín? Ẹ sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀ níbí, nítorí mo ṣì ní láti mọ ohun tó yẹ kí n sọ fún Uncle Múfú. Àtàná ni wọ́n ti ń pè mí láti bi mí bóyá ọkọ̀ ń ṣe dáadáa.