Fáànù tí Mánéjà Fún Ìyá Gberefu

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́ fún yín, kì í ṣe pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ ni mo ṣe lọ gba iṣẹ́. Bàbá mi ń ta aṣọ ní Àgbádárìgì, ó sì ti pinnu pé bí mo bá ti jáde ìwé mẹ́wàá, ìdí aṣọ ni n óò jókòó sí títí ọkọ yóò fi wá mú mi níbẹ̀. Èmi kì í ṣe ánkárá tí wọ́n ń fi kọ́ kí oníbàárà lè máa yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí mo gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe adín àgbọn lójú ọ̀nà márosẹ̀ ń wá akọ̀wé tí yóò máa rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, kíá ni mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n gbà mí fún oṣù mẹ́fà kí wọ́n fi wò mí ná. Bí mo bá ṣe dáadáa, iṣẹ́ di tèmi. Bí n kò bá ṣe dáadáa, ìdí aṣọ ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè mí.

Ìgbà yẹn, owó epo rọ̀bì ti dé, orí gbogbo èèyàn sì ti dàrú. Lónìí, ọkùnrin kan yóò kí mi ẹ kú iṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá di ọ̀túnla, n óò gbọ́ pé ó ti ń po kọnkéré ní Èkó, àti pé kò tún ní fojú kan àgbọn mọ́ láyé. Àwọn obìnrin ló dúró tì wá, pàápàá àwọn ará Gberefu, abúlé orí iyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Àràárọ̀ ni wọ́n ń wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá wá, tàwọn torin Ègùn lẹ́nu wọn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n fi ọ̀bẹ kékeré yọ funfun inú àgbọn kúrò lára èèpo líle, kí wọ́n kó o sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹni tí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá kún yóò gbé e wá síwájú mi, èmi yóò sì fa igi kan sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé.

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni mánéjà tuntun dé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun bọ̀, níbi tó ti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso òṣìṣẹ́, ó sì gbé ìwé ńlá kan bọ̀ tó máa ń gbá mọ́ àyà bí abiyamọ. Èèyàn dáadáa ni o, n kò ní bú u. Àmọ́ ẹni tó kọ́ nǹkan lánàá, tó wá fẹ́ fi kọ́ gbogbo ayé lónìí, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ó ní kí n kó àwọn obìnrin jọ. Ó ya àtẹ̀gùn sójú pátákó, ó ní bí ọkàn òṣìṣẹ́ ṣe ń gòkè nìyẹn: oúnjẹ ló wà nísàlẹ̀, iyì ló wà lókè téńté. Ó ní kóríyá ló ń gbé òṣìṣẹ́ gun àtẹ̀gùn náà.

Ìyá kan tó jókòó níwájú na ọwọ́ sókè. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, tí gbogbo wa bá ti dókè tán, ta ni yóò máa yọ àgbọn nísàlẹ̀?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mánéjà náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ eyín nìkan ló fi rín in.

Ìyá tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí ni à ń pè ní Ìyá Gberefu. Òun ló dàgbà jù nínú wọn, òun ló sì kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú. Òkun ti gbé ọkọ rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti tẹ̀ lé owó epo lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbúròó wọn mọ́. Iṣẹ́ yìí ló fi ń jẹun. Àmọ́ làkúrègbé ti wọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àwọn ìka rẹ̀ ti wú, kò sì lè ká wọn kò dáadáa.

Nǹkan méjì ni mánéjà kéde lọ́jọ́ náà. Èkíní, ó fi ohùn òkè sọ ọ́: lóṣooṣù, ẹni tí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá pọ̀ jù yóò gba fáànù, wọn yóò sì gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ sára ògiri. Èkejì, ó yára gbé e mì bí ẹni ń mu àgbo kíkorò: ẹni tó bá ṣe ìgbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì léraléra yóò máa lọ sílé. Ó ní kóríyá nìyẹn náà.

Oṣù kìíní parí, Ìyá Gberefu ló ṣe ìgbẹ̀yìn. Èmi ni mo kọ ọ́, inú mi sì bàjẹ́ gan-an. Mánéjà fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ nọ́ńbà rẹ̀.

"Tó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀," ó wí, "kọ lẹ́tà rẹ̀ fún un."

"Ó dáa, sà," mo dáhùn, mo sì ń bú u nínú.

Oṣù kejì ò tíì rìn jìnnà tí mo fi rí i pé igi ń pọ̀ sí i níwájú nọ́ńbà Ìyá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Mo dìde lọ́jọ́ kan bí ẹni fẹ́ lọ mu omi, mo yọjú sẹ́yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń ṣan àgbọn. Ìyá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí obìnrin kan bá ti ń kọjá, yóò bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún aṣọ ró, nígbà tó bá fi máa nàró, apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ti fúyẹ́, ti Ìyá ti wúwo sí i. Àáró ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá dàgbà sábúlé mọ̀ ọ́n: lónìí kí gbogbo wa ro oko tìrẹ, lọ́la kí a ro tèmi. Àwọn wọ̀nyí ló gbé e wọ ilé-iṣẹ́.

Ohun tí wọ́n jọ sọ, bí ọ̀kan nínú wọn ṣe rò ó fún mi nígbà tó yá, ni pé kí kálukú fún Ìyá ní apẹ̀rẹ̀ kan lọ́sẹ̀, kó ṣáà lè kúrò ní ìgbẹ̀yìn. Ibi tí wọ́n ti ṣìṣe ni pé kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n wí lẹ́yìn òun pé òun ló háwọ́ sí Ìyá. Ẹni tó ṣèlérí ẹyọ kan ń bu méjì. Ẹni tó rí i tó ń bu méjì, ó ń bu mẹ́ta. Mo lè kìlọ̀ fún wọn o, kí n ní ó tó gẹ́ẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú, n kò sì fẹ́ kọ lẹ́tà kankan. Mo gbé ìwé bo ẹnu kí ẹ̀rín mi má baà hàn, mo ń fa igi lọ ràì.

Nígbà tí oṣù fi máa parí, ìyá arúgbó tí ọwọ́ ń dùn ti fi gbogbo àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin sẹ́yìn pátápátá.

Mánéjà fò sókè. "Ẹni tó ṣe ìgbẹ̀yìn lóṣù tó kọjá! Ṣé o rí i? Ṣé o rí agbára kóríyá?"

"Mo rí i, sà."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní òun yóò kọ̀wé kí wọ́n fi iṣẹ́ mi múlẹ̀ láìdúró de oṣù kẹfà. Wọ́n ya Ìyá ní fọ́tò níbi tó ti gbá fáànù mọ́ra. Ìyá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn náà.

"Ọmọ mi, kí ni nǹkan yìí ń jẹ?"

"Iná mànàmáná ni, Ìyá."

"Háà. Ebi ni yóò pa á nílé mi."

Kò síná ní Gberefu. Wọ́n sọ fún mi pé ẹnu ọ̀nà ló gbé e sí, ó kọjú rẹ̀ sí òkun, atẹ́gùn sì ń yí i lọ́fẹ̀ẹ́ látàárọ̀ dalẹ́.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ìròyìn fi dé láti Èkó. Mánéjà ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá àgbà nípa obìnrin yìí, alága ilé-iṣẹ́ sì ń bọ̀ wá fojú ara rẹ̀ rí i lẹ́nu iṣẹ́. Bí àṣírí bá tú, Ìyá yóò lọ, èmi tí mo fa igi yóò sì tẹ̀ lé e. Mo sáré lọ bá àwọn obìnrin létí omi. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àwọn yóò yí Ìyá ká, àwọn yóò kọrin, apẹ̀rẹ̀ yóò kún.

Ọjọ́ pé. Alága jókòó, ó yọ aago. Àwọn obìnrin yí Ìyá ká lóòótọ́, orin sì ti bẹ̀rẹ̀, àfi bí mánéjà ṣe pàtẹ́wọ́, tayọ̀tayọ̀.

"Ẹ sún sẹ́yìn! Ẹ fún un láyè! Ọjọ́ iyì rẹ̀ lòní!"

Ó ku Ìyá nìkan. Ó mú àgbọn kan, ọ̀bẹ yọ̀. Ó tún un mú, ó yọ díẹ̀díẹ̀. Kò tíì yọ ẹyọ kejì tán tí alága ti ń wo aago, tó ń wo mánéjà. Òógùn ti bo mánéjà. Ìyá bá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò. Kì í ṣe èmi ni mo yọ àgbọn tó kún àwọn apẹ̀rẹ̀ yẹn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń bá mi bù ú, kí ẹ má baà lé mi."

Alága kọjú sí mánéjà. "Ṣé o mọ̀?"

"Rárá o, sà!"

"Ìwọ tó ń kọ ìwé ńkọ́?"

Mo pa ìwé mi dé. "N kò mọ̀, sà."

Ìyá wò mí, ó wo mánéjà. "Wọn ò mọ̀," ló wí. "Ẹ̀yìn wọn la ti ń ṣe é."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n ní kó máa lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ kankan ò sọdá láti Gberefu. Ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àgbọn ga jọ bí òkìtì, àwọn ọkùnrin díẹ̀ tó ṣẹ́ kù láti máa fọ́ ọ ń ta ayò. Lọ́jọ́ kẹrin, mánéjà ní kí n dìde, ká lọ bẹ̀ wọ́n.

Ẹ̀rù omi ń bà á. Ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, kò sì wojú mi. Àárín ọ̀sà la wà tó fi la ẹnu.

"Ìyá mi ṣe àáró títí ó fi kú. Láti ọ̀sẹ̀ kejì oṣù yẹn ni mo ti ń rí wọn lójú fèrèsé."

"Sà?"

"Ó wù mí kí ọ̀rọ̀ kóríyá yẹn jẹ́ òótọ́. Mo sì ti kọ̀wé sí Èkó."

"Èmi náà mọ̀, sà," mo wí. "Mo tiẹ̀ lọ wò wọ́n."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ọkọ̀ fì, ó sì pa ẹnu dé kíákíá.

Ìyá ń yí ẹja tó sá sórí àpò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó fi èdè Ègùn kí wa káàbọ̀, ó gbé àpótí fún wa, ó ní kí wọ́n bẹ́ àgbọn tútù fún wa. Mánéjà ò jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn, tòun ti ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀. Ó ní kò ní sí ìgbẹ̀yìn mọ́, pé apẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn la ó máa kà pọ̀, pé òun ti bá alága sọ ọ́. Ìyá rò ó díẹ̀, ó ní ó dáa, òun yóò wá ní Mọ́ńdè, àmọ́ ọ̀bẹ ni òun yóò máa pọ́n fún àwọn tó kù.

N kò lè gbé e mọ́ra mọ́. Mo kúnlẹ̀. "Ìyá, mo mọ̀. Mo purọ́ lójú yín."

"Èmi náà, Ìyá," mánéjà wí láti ilẹ̀ tó wà.

Ìyá ń yí ẹja rẹ̀ lọ, kò tiẹ̀ wò wá.

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀," ló wí. "Ká ní mo sọ bẹ́ẹ̀ fún alága lọ́jọ́ yẹn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọn ì bá lé. Ẹnì kan ṣáà tó."