Àwọn Bàálù Tí Kò Sí Lọ́wọ́ Mi

Eré kan wà tí mo máa ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí n tètè pè é ní eré, torí ibi tí n kò ti pè é bẹ́ẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn káàkiri ayé á jókòó sílé wọn, oníkálukú á máa fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ wa bàálù tí kò sí níbì kankan, wọ́n á máa gbé e láti ìlú dé ìlú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bíi ti gidi, wọn kò gbọdọ̀ gbéra, wọn kò sì gbọdọ̀ balẹ̀, láìgba àṣẹ lẹ́nu ẹni tó ń darí ojú òfúrufú. Àwa kan la yọ̀ǹda ara wa láti ṣe olùdarí yẹn. Wọ́n dán wa wò kí wọ́n tó fún wa láyè, ẹnu ara wa la sì fi ń bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀. Pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà ni wọ́n fún mi. Inú yàrá kan ní Ilo-Awela, ní Sango-Ọ̀tà, ni mo ti ń darí rẹ̀, fáànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ létí mi.

Ilé-iṣẹ́ tí a ti ń rọ ike ni mo ti ń ṣiṣẹ́ jẹun. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fetí sí ohun tí mo bá sọ. Ìka ni ọ̀gá wa fi ń pè mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé lọ́sàn-án, tí mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí mo ní kí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ará Jámánì á dáhùn pé òun ti gbọ́, á sì sọ̀ kalẹ̀. Ó máa ń dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Màmá kan wà nínú ilé wa, ọmọ Ọ̀tà gan-an, tó ń ta ìkòkò irin àti bútà àlùwàlá nítòsí Toll Gate. Lọ́jọ́ tí orúnkún bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, kì í lọ sọ́jà. Abẹ́ fèrèsé mi ló máa ń jókòó sí, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn wà, tẹ̀súbáà á máa yí lọ́wọ́ rẹ̀. Àjèjì ni èmi ní tèmi, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé àwọn òbí mi dé ìlú yìí, síbẹ̀ "ọkọ mi" ni Màmá ń pè mí.

Ẹ ò rí i, bàálù gidi tó ń lọ balẹ̀ ní Ìkẹjà a máa gba orí ilé wa kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fún awakọ̀ kan nínú eré wa láṣẹ láti balẹ̀. Màmá ò gbọ́ òyìnbó púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ "láǹdì". Kí n tó pa ẹnu dé, bàálù gidi kan ró gììì kọjá lórí páànù wa. Màmá fò dìde lábẹ́ fèrèsé.

"Ọkọ mi! Ṣé ìwọ lo ní kí èyí máa lọ?"

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, kí n ṣàlàyé. Mo ní, "Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀! Èmi tó ń rọ ike!

Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá ti di ọlọ́pàá mi. Tí àwọn ọmọdé bá ń pariwo, á ní, "Ẹ dákẹ́ jàre! Ẹ̀mí èèyàn ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀!" Ó lé wẹ́dà tó ń jó irin níwájú ilé lọ sẹ́yìnkùlé, ọkùnrin náà sì lọ láìjanpata. Tí wọ́n bá mú iná lọ, á tiro wá sẹ́nu ọ̀nà mi tòun ti ẹsẹ̀ dídùn.

"Àwọn tó wà lókè ńkọ́?"

"Ẹlòmíì ti gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, Màmá."

"Alihamudulilahi." Á mí kanlẹ̀.

Tí mo bá tilẹ̀kùn tán, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ojú ẹ̀rín yẹn ń tì mí báyìí.

Àwọn ọmọ Màmá ti ń bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ pé kó jẹ́ káwọn gbé e lọ sí Mẹ́kà. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò ní wọ ohun tí kò sí ọ̀nà lábẹ́ ẹ̀. Tó bá dẹnu kọlẹ̀ lókè, níbo lèèyàn ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ tì í? Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó wù ú láyé tó Mẹ́kà yẹn, orúnkún rẹ̀ ò sì ní dúró dè é. Lójijì, ó gbà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Alapoti wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

"Ẹ ṣé gan-an, bọ̀dá. Wọ́n ní torí pé ẹ̀yin lẹ máa bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ làwọn ṣe máa lọ."

Mo ní, "Àǹtí, eré ni o. Kò sí bàálù kankan lọ́wọ́ mi."

"Mo mọ̀. Ọmọ tèmi náà ní irú ẹ̀ lórí fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún wọn. Tí wọ́n bá ti dé, kẹ́ ẹ sọ ọ́."

Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀ nígbà yẹn. Kò balẹ̀. Tí nǹkan bá ṣe bàálù yẹn lójú ọ̀run, ẹnu mi ló gbé ìyá arúgbó sínú rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tíì lọ jìnnà rárá, mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ òtítọ́ lẹ́yìn.

Nígbà tí ìrìn àjò ku ọ̀la, Màmá wá bá mi. "Ọ̀la o, ọkọ mi. Má lọ síbì kankan."

"N ò ní lọ, Màmá."

Iṣẹ́ ọ̀sán ni mo ní nílé-iṣẹ́ ike lọ́jọ́ ìrìn àjò náà. Mo bẹ ẹnì kan kó bá mi ṣe é, ó kéré tán, kí ìyẹn má jẹ́ irọ́. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Awakọ̀ kan ṣoṣo ló yọjú, Àkírà ní Gánà ló ń lọ. Mo bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gbé ẹyin lọ́wọ́, mo sì tún bi í léèrè bóyá ó gbọ́ mi dáadáa. Ó ní òun gbọ́ mi. Kò mọ̀ pé òun kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Màmá lọ ire, ó bọ̀ ire. Àlájà là ń pè é báyìí. Lọ́jọ́ tó dé, gbogbo ilé pé síwájú yàrá rẹ̀, ó ń pín dàbínù àti omi Sàmúsàmù. Ọmọ rẹ̀ wò mí, ó mi orí sí mi pé kí n sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ó tó àkókò. Ṣùgbọ́n Àlájà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Bàálù yẹn gbọ̀n! Ó gbọ̀n bíi mọ́tò tó já sí kòtò. Gbogbo wa ń ké pe Ọlọ́run. Bí ohùn ọkùnrin kan ṣe jáde látòkè nìyẹn, ó ń sọ òyìnbó. Mo ní ẹ fara balẹ̀, ọkọ mi nìyẹn. Obìnrin tó jókòó tì mí ń sunkún, mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Mo ní mo mọ ohùn ẹ̀, ṣebí abẹ́ fèrèsé ẹ̀ ni mò ń jókòó sí."

Ó kọjú sí mi. "Mo dárúkọ ẹ níwájú Káábà. Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí bàálù kankan já bọ́ lọ́wọ́ ẹ láéláé."

"Àmín!" Gbogbo ilé dáhùn, ẹnu tèmi náà sì ti bá wọn ṣe é kí n tó mọ̀. Ibi táwọn ẹlòmíràn ń ta ilẹ̀ kí wọ́n tó lè dé, bàálù tí kò sí ni Àlájà gbàdúrà fún níbẹ̀. Ì bá ti fi àyè yẹn bẹ Ọlọ́run fún orúnkún rẹ̀.

Bàálù kan ń ró bọ̀ lókè. Àlájà gbójú sókè, ó wá wò mí, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló ń bá ìyẹn sọ̀rọ̀, tí ìwọ wà níbí?"

"Ẹlòmíì ni, Àlájà. Kì í ṣe èmi. Kò fìgbà kankan jẹ́ èmi rí. Eré ni mò ń ṣe nínú yàrá. Ike ni mò ń rọ."

Àlájà wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí mi fún àwọn ará ilé.

"Ẹ wò ó! Ọmọ tí kì í gbéra ga nìyí. Kò fẹ́ ká yin òun!"

Wọ́n bá a rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ tẹ orí ba. Àlájà fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde lórí orúnkún yẹn, ó rọ omi Sàmúsàmù sínú ife, ó gbé e wá bá mi níbi tí mo dúró sí. Ó ní kí n mu ún, kí n sì yára padà sídìí iṣẹ́ mi, àwọn tó wà lókè ń dúró dè mí. Mo mu ún, mo sì wọlé.