Àwọ̀ Eérú Àárọ̀

“Pupa wo?”

Bàbá náà ò gbójú sókè tí wọ́n fi bi mí. Agolo kékeré kan wà lọ́wọ́ wọn, kò ju agolo róòbù lọ, ọ̀dà inú rẹ̀ ń rùn bí ilé epo. Mo ti sọ fún wọn pé pupa ni.

“Pupa náà ni, Bàbá.”

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé pupa kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá ni? Pupa epo ni, àbí pupa osùn? Àbí pupa ojú ẹni tó sunkún sùn?”

Mo tún bẹ inú agolo náà wò. “Ó dà bí ata tí wọ́n sá sórí páànù, tó ti ń gbẹ ṣùgbọ́n tí kò tíì gbẹ tán.”

“Ẹn-ẹ́n! Mo ti rí i báyìí.” Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà náà. Búrọ́ọ̀ṣì yẹn tín-ín-rín débi pé eèrà lè fi fọ eyín. Mo ti rí eèrà tó fi fọ ọ́ pẹ̀lú, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Agbowó, n'Ìbàdàn, là ń gbé nígbà náà, nínú ilé gígùn kan tí yàrá kọjú sí yàrá, tí kọ́rídọ̀ wà láàárín. Yàrá bàbá yìí ló kọjú sí tiwa. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí ọmọ wo ló ń mọ orúkọ àgbàlagbà lásìkò yẹn? Bàbá ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Èbúté Àpápá ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń kùn. Wọ́n á fi okùn gbé pákó kan kọ́ sára ọkọ̀, wọ́n á jókòó lé e, ẹsẹ̀ wọn á máa mì lókè omi, wọ́n á máa kun irin tó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ. Ẹja ńlá máa ń yọrí wá wo iṣẹ́ wọn, wọ́n á sì máa fi ìrù pàtẹ́wọ́. Bàbá kọ́ ló sọ ìyẹn. Èmi ni mo fi kún un.

Èyí tí mi ò fi nǹkan kan kún nìyí. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n kùn ló gbé ọmọ wọn obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, lọ sí ìlú òyìnbó láti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀dà tí wọ́n kùn sára ọkọ̀ náà ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi gbéra. Àwọ̀ eérú ni, eérú àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tún dáná lórí rẹ̀. Wọ́n dúró sí èbúté títí àwọ̀ ọkọ̀ náà fi wọnú àwọ̀ ojú ọ̀run, tí wọn ò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí mọ́. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ó ti lé lógún ọdún, Àǹtí, bí gbogbo wa ṣe ń pe ọmọ náà, ò sì tíì padà wálé rí. Lẹ́tà ló ń wá.

Lọ́dún kan, lásìkò tí ìrẹsì di ohun tí èèyàn ń tò sí, páálí kan bá lẹ́tà wá. Àwòrán ọkọ̀ yẹn gan-an ló wà lójú páálí. Inú rẹ̀ ni ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ wà, ike ni wọ́n fi ṣe é, gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ so mọ́ igi ike bí èso tó so mọ́ ẹ̀ka. Àwọn agolo ọ̀dà wà níbẹ̀, gọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì méjì sì wà níbẹ̀. Ìyá mi ló bá Bàbá ka lẹ́tà náà: “Bàbá mi, ọkọ̀ wa nìyí. Ẹ bá mi tò ó, kí ẹ kùn ún bí ẹ ṣe kùn ún lọ́jọ́sí. Mo máa wá wò ó ní Kérésì.”

Bàbá ní kí ìyá mi tún un kà. Ìyá mi tún un kà. Nígbà tí wọ́n ní kó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, ọbẹ̀ ti jóná lórí sítóòfù wa.

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé ojú Bàbá ń lọ. Dókítà ti sọ fún wọn pé kò sí abẹ tó lè dá a padà, yóò máa ṣú díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi ṣú tán. Àwọ̀ ló kọ́kọ́ fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ń rí òjìji èèyàn, wọ́n ń rí ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n pupa àti dúdú ti di ọ̀kan náà lójú wọn. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ yẹn parí kí Àǹtí tó dé, kí ojú náà sì tó parí. Gbogbo ohun tí wọ́n ń bẹ Ọlọ́run fún ò ju ìyẹn lọ.

Bí èmi ṣe di ojú wọn nìyẹn. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, ó pàtẹ́wọ́. “Ìwọ tó ò lè rí àwo tó dọ̀tí níwájú rẹ, ìwọ ni wọ́n fi ṣe ojú!”

Ìka Bàbá kò nílò ojú ẹnikẹ́ni. Abẹ ìfárí ni wọ́n fi ń gé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan kúrò lára igi rẹ̀. Wọ́n á fi bébà tí káfíńtà fi ń ha pákó ha á, ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n á fi ẹnu fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, wọ́n á fi ètè kan án láti mọ̀ bóyá ó ti dán. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó máa ń wà nínú omi, wọ́n fi sẹ́lótéépù yí i po, wọ́n ń fi èékánná wá etí sẹ́lótéépù náà bí wọ́n ti ń kùn ún. Ọ̀dà ò ré kọjá ibẹ̀. Àwọn àwòrán fèrèsé rẹ̀ wà lórí bébà kan tí wọ́n ń rẹ sínú omi kó lè ṣí. Bàbá á gbé e lé orí ìka bí ẹni gbé ìyẹ́ labalábá, wọn ò ní mí títí yóò fi lẹ̀.

Tèmi ni àwọ̀. Mi ò gbọdọ̀ pe nǹkan ní pupa tàbí dúdú lásán, Bàbá ò ní gbà. Páìpù èéfín ọkọ̀ náà, mo ní ó dà bí ìyeyè tó já bọ́ fúnra rẹ̀. Igi tó dúró láàárín rẹ̀, mo ní ó dà bí gààrí tí wọ́n yan pẹ́. Nílé ìwé, ẹ̀yìn kíláàsì ni mò ń jókòó, wọ́n ní orí mi ò gba nǹkan. Àmọ́ bí mo bá ti wọ yàrá tó ń rùn fún gọ́ọ̀mù àti kẹrosíìnì yẹn, ẹnu mi á máa ṣiṣẹ́ bí ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ni ní yunifásítì òdìkejì títì.

Ó wá ku ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, ibi tó tóbi jù, eérú àárọ̀ gan-an. Sátidé ni. Àǹtí máa dé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti gbé bọ́ọ̀lù jáde, wọ́n ń súfèé sí mi láti ojú fèrèsé. Bàbá ń po dúdú àti funfun pọ̀, igi ìṣáná ni wọ́n fi ń rò ó. Gbogbo dúdú tó wà nílẹ̀ ni wọ́n dà síbẹ̀.

“Ojú mi, ṣé ó ti di eérú?”

Mo bojú wo inú agolo. Kò di eérú. Èmi ni mo to àwọn agolo náà padà lánàá, mo sì ti gbé yẹ́lò sípò funfun. Ẹni tó bá mọ ọ̀dà mọ̀ pé bí dúdú bá pàdé yẹ́lò, àwọ̀ ewé ló ń jáde. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó di ká máa wá ọ̀nà àbáyọ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Súfèé tún dún.

“Ó ti di eérú, Bàbá. Eérú àárọ̀ gan-an.”

“Ó dáa. Máa lọ, kí wọ́n má baà fọ́ fèrèsé mi.”

Góòlù mẹ́tàdínlógún ni mo gbá wọlé lọ́jọ́ yẹn. Ó dáa, méjì ni. Nígbà tí mo padà dé, Bàbá ti kun ọkọ̀ náà tán, ẹ̀ẹ̀mejì, ó mọ́ roro. Ó dà bí nǹkan tútù bí ewé tó máa ń hù sára ògiri ilé ìwẹ̀ wa. Dúdú ti tán. Ọ̀dà mọ́tò nìkan ló wà lọ́jà Mọ́kọ́lá, Bàbá sì ti sọ fún mi pé ìyẹn á yọ́ ike. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì, mo lọ fọ̀ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Bàbá ń pe gbogbo ilé wá wò ó, wọ́n sì ń yìn wọ́n, torí ta ló rí ọkọ̀ náà rí nínú wọn? Bàbá ti dáná sun páálí rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí.

Àǹtí dé, ó sanra, ó ní irun funfun díẹ̀ létí. Lẹ́yìn ẹkún àti ìdọ̀bálẹ̀ wa, Bàbá gbé ọkọ̀ náà jáde lábẹ́ aṣọ. Àǹtí gbà á, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn.

“Bàbá mi, ta ló ń bá yín wo àwọ̀?”

“Ojú mi tó dúró tì ọ́ yẹn ni.”

Àǹtí wò mí. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀. Ó ní, “Ó dáa, Bàbá. Bó ṣe rí gan-an nìyí.”

Bàbá gbórí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni ń tẹ́tí sí ẹ̀rọ kan tí kò dún dáadáa. “Ohùn rẹ yí padà. Ojú mi, ó dà bí kí ni?”

Mo ní irọ́ méje lẹ́nu, gbogbo wọn ló dùn.

“Bàbá, ó dà bí ara ògiri ilé ìwẹ̀. Ibi tí omi ń ṣàn gbà, tó ń yọ̀.”

Ìyá mi gbá mi létí kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Bàbá na ọwọ́ sókè kó má tún gbá mi. Wọ́n gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ Àǹtí, wọ́n fi àtàńpàkò tọ ara rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn.

“Mo ti rí i báyìí,” ni wọ́n wí. “Lọ́jọ́ tó o sọ pé eérú yẹn, o yára sọ ọ́. Mi ò rí nǹkan kan. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń wá a.”

Ìgbà yẹn ni mo tó bú sẹ́kún. Àǹtí ní òun á fi ọ̀dà mìíràn ránṣẹ́ bí òun bá padà. Bàbá ní kó má ṣèyọnu. Wọ́n ní èyí tí àwọn ń rí ló tẹ́ àwọn lọ́rùn.

Kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí, ojú náà ṣú pátápátá. Mò ń lọ jókòó tì wọ́n, mò ń sọ àwọ̀ ọ̀run fún wọn láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà la kó lọ sí Challenge, lápá kejì ìlú. Mo ní màá máa wá kí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹlòmíràn ló ń gbé yàrá wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ọkọ̀ náà wọlé sí. Mo ṣì ń wá a. Bí mo bá dé ilé onílé, ojú mi á kọ́kọ́ lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù wọn.

Fọ́ọ̀mù tírì ni ìwé mi mọ. Mọ́tò ni mò ń kùn láti ìgbà náà. Bí oníbàárà bá bi mí ìgbà tí mọ́tò rẹ̀ á jáde, irọ́ ni n ó pa fún un. Bó bá bi mí bóyá àwọ̀ rẹ̀ ti bá ti tẹ́lẹ̀ mu, mi ò ní yára dá a lóhùn.

Lásìkò òjò, ògiri ilé ìwẹ̀ mi máa ń hu nǹkan tútù yẹn. Ìyàwó mi á gbé búrọ́ọ̀ṣì, màá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti sọ fún un pé oògùn ibà ni, mo ti sọ fún un pé ìjọba ti fòfin dè é pé ká má ha á. Kò gba ọ̀kankan gbọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tó bi mí pé irú àwọ̀ wo tiẹ̀ lèyí, mo nu ọṣẹ ìwẹ̀ kúrò lójú, mo wò ó dáadáa, mo ní:

“Àwọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni.”