Ọjọ́ Tí Ìyá Àbẹ̀kẹ́ Paná De Ọkọ̀ Òfurufú

Àsíá ilé-ìwé wa ni mo kọ́kọ́ rí. Láti àárọ̀ ló ti ń fẹ́ síhà ilà-oòrùn. Lójijì ó rọ̀, ó sì yíjú sódì. Mo ju ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, mo sáré jáde, nítorí mo ti ń gbọ́ ìró ọkọ̀ òfurufú.

Ọdún tí mo lò kẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí wọ́n ń pè ní mẹ́tìrì lọ́dọ̀ wa, nìyẹn, ní Tchaada lẹ́bàá Ifangni, ní orílẹ̀-èdè Benin. Pápá tí ọkọ̀ òfurufú kékeré ń bà sí wà lẹ́yìn ilé-ìwé wa, ilẹ̀ pupa tí oko ẹ̀gẹ́ yí ká. Awakọ̀ rẹ̀, Múṣé Kọ́ráńtẹ̀n, ti ṣàlàyé fún kíláàsì mi pé ọkọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ dojú kọ afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè bá a dín eré kù. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀yìn wá, eré á pọ̀ jù, ilẹ̀ á sì tán níwájú rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n so mọ́ òpó láti fi mọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ ti ya. Èéfín ibi tí Ìyá Àbẹ̀kẹ́, aládùúgbò wa, ti ń se epo pupa létí pápá ni awakọ̀ máa ń wò látòkè dípò rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, èéfín kò sí. Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wà nínú ọkọ̀ náà, ó ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé bọ̀. Ìyá ti gbálẹ̀, ó ti wọ aṣọ tuntun, ó sì ti da omi sí iná kí èéfín má baà kó sí àlejò lójú. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gba àlejò lọ́dọ̀ wa.

"Ìyá, ẹ dáná!" ni mo ké bí mo ti sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Mẹ́tìrì, ṣé kò sí o? Àlejò ń bọ̀, ẹ ní kí n rú èéfín!"

"Afẹ́fẹ́ ti yí! Awakọ̀ ò mọ̀!"

Ó wo imọ̀ ọ̀pẹ lókè tó ti yíjú sódì, kò sì bá mi jiyàn mọ́. Ó kúnlẹ̀ nínú eérú tútù pẹ̀lú aṣọ tuntun, ó ń ṣáná, afẹ́fẹ́ ń pa á.

Ọkọ̀ náà ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ta sókè, ó tún kan ilẹ̀ ní àárín pápá, kò sì dúró. Ó wọ inú ebè ẹ̀gẹ́, ó sì fi imú gúnlẹ̀. Ìyá dìde, ó ń rìn lọ sínú eruku, ìṣáná ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Àbẹ̀kẹ́ bọ́ sílẹ̀, ó gbá àpótí abẹ́rẹ́ mọ́ àyà.

"Màmá, oko ta la bà jẹ́ yìí?"

"Tèmi ni," ni Ìyá wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ṣì ku díẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún tẹ́ ẹ ò tíì bà jẹ́."

Awakọ̀ jáde, ó di iwájú orí mú. "Ìyá, èéfín yín dà?"

"Mo pa á nítorí yín ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún bọ̀wọ̀ fún mi bẹ́ẹ̀ mọ́."

Àwọn kan ń sọ ní Ifangni pé Ìyá ló fa ìjàǹbá náà. Mo máa ń tún un ṣe fún wọn: afẹ́fẹ́ ló yí padà, kò sì sí ohun tó fi í han awakọ̀. Kíláàsì mi rán aṣọ tuntun, a so ó mọ́ òpó kí n tó fẹ̀yìn tì.

Síbẹ̀, ara mi kì í balẹ̀ bí ewé bá yíjú. Láìpẹ́ yìí, mo mú ọ̀rẹ́ mi kan lọ kí Ìyá. Ó gbé àga fún wa, ó ń bu omi, la bá gbọ́ ìró ọkọ̀ òfurufú. Kò se epo lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ju ife sílẹ̀, ó dáná, ó sì kó imọ̀ tútù lé e. Èéfín bò wá mọ́lẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ń wúkọ́. "Ìyá, ẹ mà ní àlejò o!"

"Mo mọ̀," ni Ìyá dáhùn, ojú rẹ̀ wà lókè. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ balẹ̀ ná, màá padà wá kí yín."