Bàtà Bàbá Tíṣà Dé Jàpáànù

Bẹ́ ẹ bá wọkọ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà láàárọ̀, tẹ́ ẹ rí ọkùnrin kan tó di okùn bàtà rẹ̀ ní kókó méjì, tó tún ń bẹ̀rẹ̀ wò ó kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ má wulẹ̀ bèèrè. Àkànbí onírẹsì nìyẹn. Kọ̀ndọ́ á ní, "Bàbá Jàpáànù, ẹsẹ̀ yín ṣì wà níbẹ̀ o, wọn ò tíì jí i!" Gbogbo ọkọ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Àkànbí náà á rẹ́rìn-ín, ojú ẹ̀ á wá lọ jìnnà, bí ìgbà téèyàn ń gbóòórùn ọbẹ̀ ìyá ẹ̀ látẹ̀yìn odi.

Ọdún 1991 lọ̀rọ̀ yẹn. Àkànbí ṣì jẹ́ àpọ́n nígbà yẹn, bàtà kì í sì í bá a kalẹ́. Ọmọ Kérúbù àti Séráfù ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn kì í wọ bàtà sí sùtánà. Àkànbí á bọ́ bàtà sílé, á fẹsẹ̀ lásán lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ò burú. Àmọ́ lọ́jọ́ tó bá ti oko lọ sí ìpàdé àdúrà, á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀mí á gbé e, á pàtẹ́wọ́, á jó, tí ìsìn bá parí, á kọrin délé láìrántí bàtà. Mẹ́ta ló sọ nù bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan ṣoṣo.

Ibi tó wá ti bà jẹ́ ni pé, lọ́jọ́ tó lọ sọ fún Bàbá Tíṣà ní Ẹgbẹ́dá pé òun fẹ́ fẹ́ Títíladé ọmọ wọn, ẹsẹ̀ lásán ló bá lọ. Kò tiẹ̀ mọ̀.

Oníbatísì ni Bàbá Tíṣà, wọ́n ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Wọn kì í sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ fi imú hùn, bíi mọ́tò tí kò fẹ́ ṣáná.

"Hùn-ún! Àkànbí. Bàtà rẹ dà?"

Àkànbí wo ilẹ̀. "Ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, sà."

"Hùn-ún! Lónìí Ọjọ́rú?"

"Láti ìpàdé àdúrà ọjọ́ Ẹtì ni, sà."

"Ẹni tó gbàgbé bàtà ẹsẹ̀ ara ẹ̀, tó bá gbé ọmọ mi jáde, ṣé kò ní gbàgbé ẹ̀ sí gáréèjì?"

Títíladé tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn fọwọ́ bo ẹnu. Kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín tàbí kóun sunkún.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn kan tó ń ṣe ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ kékeré ní Jàpáànù ní kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ onírẹsì Lágelú mú èèyàn mẹ́ta wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àwọn ni wọ́n san owó bàálù. Wọ́n mú Àkànbí. Wọ́n mú Wándé, akọ̀wé ẹgbẹ́, ọmọ Áńgílíkà tó máa ń ki Gẹ̀ẹ́sì bọ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń da iyọ̀ sọ́bẹ̀. Wọ́n sì mú Rùkáyátù, olórí àwọn obìnrin tó ń bọ ìrẹsì, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn. Rùkáyátù ti rò pé pápá bàálù Alákíà n'Íbàdàn ni wọ́n ti máa wọ bàálù, ó ti ní káwọn ọmọ òun wá dúró létí pápá láti máa juwọ́. Ló bá di Èkó.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n máa lọ, Bàbá Tíṣà ránṣẹ́ pe Àkànbí. Wọ́n gbé páálí kan jáde. Bàtà aláwọ̀ pupa rúsúrúsú ló wà nínú ẹ̀, ó ń dán bí orí ọmọ tuntun.

"Hùn-ún! Ọdún 1958 ni mo ra bàtà yìí. Òun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé ìyá Títíladé níyàwó. Wọ̀ ọ́ lọ. Bó o bá wọ̀ ọ́ dé, wá bá mi, ká sọ̀rọ̀ ọmọ mi. Bó ò bá wọ̀ ọ́ dé, hùn-ún, ọ̀nà pọ̀ ní Ẹgbẹ́dá, má gba iwájú ilé mi mọ́."

Títíladé sìn ín dé òpópó. "Bọ̀ọ̀dá Àkànbí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ máa wọ̀ ọ́ sùn."

Ó fẹ́ wọ̀ ọ́ sùn lóòótọ́. Jàpáànù ni ò gbà fún un. Tẹ́ ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n fi wọ́n sí, ẹ máa bọ́ bàtà. Ilé oúnjẹ, ẹ máa bọ́ ọ. Sílípáàsì tiẹ̀ wà fún yàrá, sílípáàsì mìíràn wà fún ilé ìgbẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n máa to bàtà pọ̀, kí ẹnu ẹ̀ kọjú síta. Inú Àkànbí wá dùn. Ó ní, "Kérúbù ni gbogbo ìlú yìí, wọn ò kàn mọ̀ ni."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ. Ó wá ku ọjọ́ méjì láti fi ṣeré, owó ọwọ́ wọn ò sì tó nǹkan. Gàrí àti kúlíkúlí tí Rùkáyátù dì sísàlẹ̀ àpótí ló gbà wọ́n. Wọ́n á mu gàrí láàárọ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn lọ wo ohun tí wọn kì í gbowó wò. Wọ́n wo oúnjẹ tí wọ́n fi rọ́bà ṣe sínú gíláàsì níwájú ṣọ́ọ̀bù. Wándé wò ó títí, ó dá itọ́ mì. Wọ́n wo ẹja pupa ńláńlá nínú adágún, Rùkáyátù sì ń kanra pé, "Irú èyí wà nílẹ̀, wọ́n ń fún un ní búrẹ́dì!" Wọ́n wọ ilé ìtajà kan tó ní àpótí onírin tó ń gbéni gòkè. Ọmọbìnrin onífìlà kan wà níbẹ̀ tó ń tẹrí ba fún wọn, tó ń fohùn bí ẹyẹ sọ ohun tẹ́nì kankan ò gbọ́. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n gùn ún lọ sókè sódò. Wọn ò ra abẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, Wándé ní òun ò ní padà sílé láìrí Òkè Fújì. "Ẹ̀gbọ́n Rùká, fújì tá à ń jó nílé látọjọ́ yìí, ẹ jẹ́ ká lọ kí bàbá ẹ̀!" Wọ́n da owó tó kù pọ̀. Ó tó fún àlọ àti àbọ̀ ẹni mẹ́ta, kò ṣẹ́ kù kọ́bọ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ibùdó rélùwéè. Rélùwéè dé, ó funfun, ó mọ́, ilẹ̀ inú ẹ̀ ń dán ju tábìlì Bàbá Tíṣà lọ. Ẹni tó ń wà á wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó ń nàka síwá sẹ́yìn bíi wòlíì tó rí ìran. Àkànbí wo ìbọ̀wọ́, ó wo ilẹ̀. Orí ẹ̀ wú. Ó bọ́ bàtà, ó tò ó pọ̀ dáadáa sórí pèpéle, ó kọ ẹnu ẹ̀ síta bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó wọlé.

Ilẹ̀kùn pa dé, pìì.

Rélùwéè gbéra. Àkànbí rí bàtà náà láti ojú fèrèsé, méjèèjì dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ní kó dúró de ìyá ẹ̀.

"Yéè! Bàtà Bàbá Tíṣà!"

"Lá ìláhà!" Rùkáyátù wo ẹsẹ̀ ẹ̀. "Àkànbí, ta ló ní kó o bọ́ ọ?"

"Ilẹ̀ ibí mọ́, Ẹ̀gbọ́n!"

"Ọ̀gbẹ́ni, jókòó jàre," Wándé ní. "Bàtà ọdún 1958! A ó ra mìíràn lọ́jà Gbági, a ó fi póólíìṣì kùn ún. Tó o bá sọ̀kalẹ̀ báyìí, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ lọ nìyẹn, o ò ní rí òkè. Ìgbà wo lo tún máa rí Jàpáànù?"

Títíladé ni Àkànbí ń rò, ọwọ́ tó fi di ọwọ́ ẹ̀ mú lópòópó Ẹgbẹ́dá. Nígbà tí rélùwéè dúró, ó dìde. Rùkáyátù wo ojú ẹ̀, ó bọ́ sílípáàsì ara ẹ̀, oníròósì, ó jù ú sí i. Bàtà tòun wà nínú báàgì. "Wọ̀ ọ́. Má fẹsẹ̀ lásán dójú tì wá."

Gìgísẹ̀ ẹ̀ yọ síta lẹ́yìn sílípáàsì náà bí iṣu tó ju agbọ̀n lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe padà.

Nígbà tó dé pèpéle, bàtà ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó rí òṣìṣẹ́ kan tó wọ ìbọ̀wọ́, ó sá tọ̀ ọ́. Èdè ò sí. Ó bọ́ sílípáàsì, ó ṣe bí ẹni tó wọ rélùwéè, ó ṣe "pìì" bí ilẹ̀kùn, ó nàka sí ẹsẹ̀, ó káwọ́ lérí. Ọkùnrin náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ní, "Háì, háì!" ó sì mú un lọ sí yàrá kékeré kan. Agboòrùn tó wà níbẹ̀ tó ti odidi ìlú. Lórí pákó kan ni bàtà Bàbá Tíṣà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n ti ki ìwé ìròyìn sínú ẹ̀ kó má baà wọ́, wọ́n fi okùn tín-ín-rín so bébà kékeré kan mọ́ ọn, wọ́n kọ nǹkan sí i.

Ọkùnrin náà tẹrí ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ọmọ Yorùbá lèyí ná. Àkànbí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀rù ba ọkùnrin yẹn, ó tẹrí ba wálẹ̀ sí i. Àkànbí rò pé tòun ò tó, ó tún dọ̀bálẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ọkùnrin yẹn forí sọlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó parí.

Ó jókòó síta ibùdó, ó gbé bàtà lé itan, ó mu gàrí tó kù, títí àwọn méjì yẹn fi dé.

Nínú bàálù, Wándé ní, "Yọ bébà yẹn kúrò lára ẹ̀ o! Bàbá ò gbọdọ̀ mọ̀."

"Mo máa yọ ọ́."

Ẹ ti mọ Àkànbí. Ó gbàgbé.

Wọ́n dé Ẹgbẹ́dá pẹ̀lú eruku ọ̀nà lára, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàtà wà nínú páálí, sílípáàsì oníròósì wà lẹ́sẹ̀ Àkànbí, torí ó ní òun ò ní jẹ́ kí eruku kàn án mọ́. Bàbá Tíṣà ṣí páálí. Wọ́n gbé ọ̀kan, wọ́n yẹ ìdí ẹ̀ wò. Wọ́n gbé èkejì.

"Hùn-ún! Kí ni bébà yìí?"

Wándé ti ń ṣẹ́jú sí Àkànbí pé kó ní àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ló so ó mọ́ ọn. Àkànbí wo Títíladé. "Mo gbàgbé ẹ̀ sí ibùdó rélùwéè, sà. Mo bọ́ ọ wọ ọkọ̀. Mo padà lọ mú un."

Adìẹ kan kọjá, wọn ò lé e.

"Hùn-ún. Wándé, òkè tẹ́ ẹ̀yin lọ wò, báwo ló ṣe rí?"

Wándé la ẹnu, irọ́ ti wà létè, Rùkáyátù gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. "Ìkúukùu la rí, Bàbá. Ó bojú látàárọ̀ dalẹ́ bí ìyàwó tuntun."

"Hùn-ún! Ìwọ Àkànbí, kí lo rí?"

"Bàtà yín, sà."

Bàbá Tíṣà fẹ́ fi imú hùn, ẹ̀rín ló jáde. Títíladé ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí láti kékeré.

"Títíladé! Bu omi fún ọkọ rẹ."

Àkànbí bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ bọ́ sílípáàsì kó tó wọlé.

"Má bọ́ nǹkan kan lẹ́nu ọ̀nà mi!" Bàbá Tíṣà jágbe. "Wọlé bẹ́ẹ̀!"

Bàbá Tíṣà ti sùn nínú Olúwa báyìí. Wándé ti kó lọ sí Kàdúná, kì í kọ lẹ́tà. Rùkáyátù ti gba sílípáàsì ẹ̀ padà, ó ní Àkànbí ti fẹ̀ ẹ́. Bàtà náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, bébà ẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè kà á. Tí ọyẹ́ bá mú, tí ìkúukùu bo oko ìrẹsì láàárọ̀, Àkànbí á dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Títí, wá wò ó. Ohun tí Wándé àti Ẹ̀gbọ́n Rùká rí ní Òkè Fújì gan-an nìyí."

"Mo ti rí i," ìyàwó ẹ̀ á ní. "Ẹ wọ bàtà yín, ká máa lọ."